Ibà Wo? Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Lórí Ẹ̀rọ Lésà àti Owó Tí A Dá

    

Alága ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka ọ̀dọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí kò ráyè wá lè rí i kà lórí fóònù wọn. Mo ti kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo kàn yọ àwọn ibi tí mo ti ń kólòlò kúrò.

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, fídíò kan wọ orí gbogbo gúrúùpù wa. Ọkùnrin kan wọ kóòtù funfun, ó kán ẹ̀jẹ̀ sínú ike kékeré kan, ó ti ike náà bọnú ẹ̀rọ tí kò tóbi ju rédíò bàbá mi lọ, iná pupa tàn, ó ní ẹ̀rọ náà ti rí i pé ibà ẹ̀fọn ló ń ṣe aláìsàn náà. Ó ní ẹ̀rọ kan náà mọ Lassa, ó mọ Ebola, ó mọ taifọ́ọ̀dù, ó mọ jẹjẹrẹ, ó tún mọ àìsàn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Nọ́ńbà fóònù àti iye owó wà lábẹ́ fídíò. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ sí àpò ẹgbẹ́ pé kí a ra ọ̀kan fún ìlú. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Ìfẹ́ ìlú ló mú un wá, mi ò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn ẹ̀gbọ́n bíi mẹ́ta pè mí: "Kọ́dínétọ̀, ìwọ lò ń ka Biochemistry, kí lo rí sí i?" Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n fi kàwé. Mo ti kà á. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mò ń lọ kó má baà rú yín lójú: ìmọ̀ tó wà nídìí irú ẹ̀rọ yẹn, òótọ́ ni. Ẹni tó ń tà á fún wa ni mi ò gbà gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Púpọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n, òun ló rán aṣọ tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀ níbi ayẹyẹ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ́ọ̀mù ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Ọjọ́ Ajé kan ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ara rẹ̀ gbóná. Ó ní ibà ni, gbogbo wa náà ní ibà ni. Ó ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Nígbà tí kò lọ, wọ́n ní "malaria pẹ̀lú taifọ́ọ̀dù" ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹfà la tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì tún sọ̀rọ̀ tó dáa mọ́ látìgbà náà. Ọjọ́ kẹsàn-án la sin ín.

Tẹ́ẹ bá bi ìyá rẹ̀ lónìí pé kí ló pa ọmọ rẹ̀, ibà ni yóò sọ. Ibà wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí dé ọjọ́ kẹfà, kò sẹ́ni tó gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lára rẹ̀ láti fi wò ó. Mi ò dá kẹ́mísì nìkan lẹ́bi. Èmi gan-an ni mo lọ bá a ra oògùn ẹlẹ́ẹ̀kejì, èmi tí mò ń kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ní yunifásítì. Mi ò sì lè búra pé àyẹ̀wò ì bá gbà á là. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo wa ń tọ́jú ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní: ibà. Ti ẹ̀fọn, ibà ni. Taifọ́ọ̀dù, ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Kí ojú èèyàn pọ́n kó sì máa tọ̀ ọ́ ní pupa, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Lassa náà, ibà ni wọ́n ń pè é lórí rédíò. Èdè wa ò ṣẹ̀, torí ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ gbogbo wọn jọra lóòótọ́: orí fífọ́, ara gbígbóná, oúnjẹ kò wù ú jẹ. Oògùn wọn ni kò jọra. Oògùn ibà ẹ̀fọn kò lè ṣe nǹkan kan fún Lassa. Ribavirin tí wọ́n ń lò fún Lassa, àtètèlò rẹ̀ ló ń ràn èèyàn lọ́wọ́ jù, bó bá ti pẹ́ ni agbára rẹ̀ ń dín kù.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ Lassa jìnnà sí wa. Ìlú kan ní Bọ̀rnó ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1969, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń gbọ́ ti Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Oǹdó sì pààlà pẹ̀lú wa. Eku kan tó ní ọmú púpọ̀, tó máa ń wọlé wá jẹ gàrí àti àgbàdo, ló ń gbé e kiri. Ta ni kò ní eku nílé rẹ̀?

Àpẹẹrẹ tó ga jù lọ ni ti Èkó. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan láti Liberia, Patrick Sawyer, sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó pẹ̀lú àìsàn lára. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultant. Ibà ẹ̀fọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìtọ́jú rẹ̀ fún. Nígbà tí kò yí padà, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura, ó ní kí wọ́n yẹ Ebola wò, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní jáde. Àyẹ̀wò PCR ló fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Àpapọ̀ èèyàn 20 ló ní àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú, Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni WHO kéde pé a ti bọ́. Ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone ńkọ́? Àwọn tó kú lé ní 11,000. Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan ní Guinea, oṣù Kẹta ọdún 2014 ni wọ́n tó mọ̀ pé Ebola ni. Fún gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ibà ni.

Ẹ ti rí ìdí tí ẹ̀rọ inú fídíò fi dùn létí báyìí. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú ẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara èyí tí gbogbo yín mọ̀: ike àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, tó ní ilà C àti ilà T, ìbátan èyí tí àwọn obìnrin fi ń yẹ oyún wò. Wọ́n á gún yín ní ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sí ojú ihò kan, wọ́n á kán omi oògùn sí èkejì, ẹ ó dúró bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ike yẹn? Kòkòrò ibà ẹ̀fọn máa ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HRP2. Nínú ike náà, ohun kan wà tó ń jẹ́ antibody, iṣẹ́ tiẹ̀ kò ju kó dì mọ́ HRP2 lọ, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe mọ ihò tiẹ̀. Antibody yìí ru nǹkan pupa kan sórí. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fà lọ lórí bébà, ó ń kó wọn lọ, àwọn tó bá ti di HRP2 mú á há sí ojú ilà T. Bí wọ́n bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó rí ilà pupa.

Ẹ̀yin obìnrin wa tẹ́ẹ fẹ́ràn wúrà, ẹ fetí sílẹ̀: nǹkan pupa yẹn, wúrà ni. Wúrà gidi! Wọ́n ṣe é kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tẹ́ẹ bá to 2,000 wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, agbára káká ni wọ́n á fi fẹ̀ tó irun orí kan. Tí wúrà bá ti kéré tó báyẹn, kì í pọ́n bí ti ẹ̀gbà ọrùn mọ́, pupa bí osùn ló máa ń rí. (Ẹnì kan ti béèrè níbi ìpàdé bóyá èèyàn lè kó ike jọ kó yọ wúrà inú rẹ̀ tà. Ẹ jọ̀ọ́, kò tó ẹ̀kọ mímu.)

Ike yìí dáa, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí. Ojú lásán la fi ń kà á, bí ilà bá ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, ẹnì kan á ní òun rí i, ẹlòmíì á ní irọ́ ni. HRP2 tún lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn ti gbádùn, kí ilà ṣì máa hàn. Lékè gbogbo ẹ̀, ibà ẹ̀fọn nìkan ló mọ̀. Bí kò bá rí i, kò lè sọ ohun tó kù fún yín.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ lésà ti wọlé nìyẹn. Orúkọ ìmọ̀ náà ni SERS, R inú rẹ̀ ni Raman, orúkọ èèyàn ni. Chandrasekhara Venkata Raman, ọmọ India, ló rí i ní Calcutta ní ọdún 1928 pé bí ìmọ́lẹ̀ bá lu nǹkan tó sì tú ká, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń padà wá pẹ̀lú àwọ̀ tó yí padà, àyípadà náà sì dá lórí ohun tó lù. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1930. Owó ohun èlò tó fi ṣe é kò pọ̀, inú India tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tó lè jáde láti ìlú kékeré, ẹ lọ ka ìtàn ọkùnrin yẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń yí padà yẹn kéré jọjọ, bóyá ọ̀kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ọjà Odò-Orí lọ́jọ́ ọjà. Ní 1974, Martin Fleischmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Southampton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń yẹ èròjà kan wò lórí fàdákà tí ojú rẹ̀ rí págunpàgun, wọ́n rí i pé ohùn náà ròkè ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1977, Richard Van Duyne àti Jeanmaire ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé fàdákà náà gan-an ló ń gbé ohùn náà sókè, ní ìlọ́po tó tó ọ̀kẹ́ àìmọye. Ẹ ti sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò ńlá rí àbí? Ohùn yín kékeré á dún bùù. Ojú wúrà tàbí fàdákà kéékèèké ló ń ṣe iṣẹ́ ìkòkò yẹn fún ìmọ́lẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ wá ṣe ni pé wọ́n mú ẹyọ wúrà kéékèèké, wọ́n fi èròjà kan tó ní "ohùn" tirẹ̀ pa á lára, wọ́n fi èèpo bíi gíláàsì bò ó kí èròjà náà má baà ṣí kúrò, wọ́n wá lẹ antibody mọ́ ìta. Ẹ̀yà kan fún Ebola pẹ̀lú ohùn tiẹ̀, ẹ̀yà kejì fún Lassa pẹ̀lú ohùn ọ̀tọ̀, ẹ̀yà kẹta fún ibà ẹ̀fọn. Bí bàtá, dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ń dún pọ̀ níbi ìnáwó, etí yín á ṣì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń ka lésà ṣe lè ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ti àwọ̀ pupa orí bébà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ilà ló pupa.

Ṣé ẹnì kankan ti ṣe é rí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ BD ní Amẹ́ríkà, àwọn tẹ́ẹ máa ń rí orúkọ wọn lára sírínjì, ló ṣe é fún àrùn ilẹ̀ wa gan-an: Ebola, Lassa àti ibà ẹ̀fọn lẹ́ẹ̀kan náà. David Sebba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Science Translational Medicine ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Wọ́n da ẹ̀jẹ̀ sínú ike tí ẹ̀yà wúrà wọ̀nyẹn ti wà, pẹ̀lú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí irin òòfà lè fà. Bí àmì àrùn bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ á dì í mú lápá kan, wúrà á dì í mú lápá kejì. Òòfà á wá fa gbogbo wọn jọ sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike, lésà á lu ojú ibẹ̀, ẹ̀rọ á gbọ́ ohùn tó bá wà níbẹ̀. Kò sí pé à ń fọ ẹ̀jẹ̀, kò sí pé à ń yí i ní sẹ́ńtífíújì. Èsì jáde kó tó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Wọ́n dán an wò lórí ẹ̀jẹ̀ 190 láti inú àjàkálẹ̀ Ebola ọdún 2014, 163 tó ní ibà ẹ̀fọn, àti 233 tí kò ní nǹkan kan. Nínú gbogbo 100 ẹ̀jẹ̀ tó ní Ebola, ó rí 90. Nínú 100 tí kò ní Ebola, ó sọ òótọ́ fún bíi 98, ká sọ ọ́ gan-an, 97.9. Ti ibà ẹ̀fọn, kò pàdánù ẹyọ kan, ó sì dá 99.6 nínú 100 tí kò ní in láre. Àwọn nọ́ńbà yìí, ti Ebola àti ti ibà ẹ̀fọn ni o. Ti Lassa, fáírọ́ọ̀sì ní lábù ni wọ́n fi dán tiẹ̀ wò.

Níbí ni bàbá kan tó jókòó lápá ọ̀tún, tí gbogbo wa ń bu ọ̀wọ̀ fún, ti dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bó bá ń rí 90 nínú 100, ṣé kò sàn ju ojú lásán lọ? Kí ló dé tí o fẹ́ dá wa dúró?"

Mo ní, "Bàbá, ó sàn, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀."

Ẹ jẹ́ ká sọ pé a ra ojúlówó rẹ̀, a gbé e kalẹ̀ ní Ìwó, èèyàn 1,000 tí ara wọn ń gbóná wá. Kò sí Ebola ní Ìwó, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó wá. Nínú 1,000 yẹn, ẹ̀rọ tó ń sọ òótọ́ fún 97.9 nínú 100 á ṣì nahùn sí èèyàn 21 pé wọ́n ní Ebola. Èèyàn mọ́kànlélógún tí kò ní in! Ẹ rò ó wò bí ìròyìn yẹn bá jáde lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà. Ta ni yóò ra ẹran lọ́wọ́ wọn mọ́? Ta ni yóò kírun tàbí jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Ní ìdà kejì, bí Ebola bá wá dé lóòótọ́, tí èèyàn mẹ́wàá ní in, ó ṣeé ṣe kó sọ fún ẹnì kan nínú wọn pé kó máa lọ sílé.

Àwọn tó ṣe é náà mọ̀. Fún ibi tí àjàkálẹ̀ ti ń jà ni, láti fi tètè ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀, kí PCR tó wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ReEBOV, ike àyẹ̀wò Ebola àkọ́kọ́ tí WHO fọwọ́ sí ní oṣù Kejì ọdún 2015, òun ń rí bíi 92 nínú 100 tó ní in, ó sì ń dá bíi 85 nínú 100 tí kò ní in láre. WHO sọ ọ́ nígbà náà pé níbi tí PCR bá wà, kí wọ́n tún fi wò ó. Bàbá mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa bá a lọ.

PCR ọ̀hún kò sì jìnnà sí wa. Ẹdẹ níbí ni wọ́n dá ACEGID sílẹ̀ sí, nínú Yunifásítì Redeemer's. Àwọn onímọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi wà lára àwọn tó fìdí Ebola ti Èkó múlẹ̀ ní 2014, àwọn náà ló kọ́kọ́ ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì Kòrónà jáde ní gbogbo Áfíríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí! Àwọn ọmọ wa ń wá ẹ̀rọ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọlọ́gbọ́n wà ní ìdí ilé.

Ó wá ku ọkùnrin inú fídíò. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀, mo fi í sórí spíkà kí àkọ̀wé wa lè gbọ́. Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo béèrè nọ́ńbà NAFDAC ẹ̀rọ náà. Ó ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Mo béèrè bóyá Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ lábù ìṣègùn, MLSCN, ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ìyẹn kò kan irú ẹ̀rọ tiwọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, antibody wo ló wà nínú ike ẹ̀jẹ̀ yín?" Ó ní lésà ni wọ́n ń lò, wọn kì í lo oògùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí fún mi. Lésà kò mọ Lassa yàtọ̀ sí ata rodo. Ohun tó ń mọ àrùn ni antibody, lésà kàn ń ka àmì tí antibody gbé ni. Ẹ̀rọ tí kò ní antibody, tó ní òun ń mọ àrùn mẹ́wàá títí kan èyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, aláṣọ̀tẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Nígbà tó rí i pé mi ò dákẹ́, ó ní kí a san ìdajì owó ná kó tó dáhùn ìyókù. Àkọ̀wé wa ló bá mi pa fóònù.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀. Ohun tí èmi àti ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí a fi owó tó wà nílẹ̀ ra ike àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn, èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa máa yẹ àwọn èèyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí òjò á fi dá. Èmi kọ́ ni n ó gún ẹnikẹ́ni o. Èmi á máa kọ orúkọ. Láti ọdún 2010 ni WHO ti ní kí wọ́n máa yẹ ibà ẹ̀fọn wò kí wọ́n tó fún èèyàn lóògùn, ọmọdé tàbí àgbà. Àwa ṣì ń ra oògùn nípa àlàyé ẹnu.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú ètò yìí kì í ṣe ẹni tí ilà T bá hàn fún. Ìyẹn rọrùn, oògùn rẹ̀ wà. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tí ilà T kò hàn ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la máa ń sọ fún pé "ike yìí ò dáa, lọ lo oògùn ibà náà," tàbí ká ní kó lọ ṣe Widal, kí wọ́n sọ pé taifọ́ọ̀dù ni. Ẹ gbọ́, Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ pé èèyàn ní taifọ́ọ̀dù. Láti 1896 ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀pọ̀ àwa tí a dàgbà sílẹ̀ yìí ni á ní àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí àìsàn kankan. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ ní lábù ló ń fi taifọ́ọ̀dù hàn dáadáa. Ẹni tí ilà T kò bá hàn fún, ilé ìwòsàn ni yóò lọ lọ́jọ́ náà gan-an, a fẹ́ ya díẹ̀ nínú owó náà sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ rẹ̀ àti àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Bí ilà C kò bá hàn rárá, ike ti bàjẹ́, a ó lo òmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ yín rèé. Bí wọ́n bá pè yín láti ilé pé màmá tàbí ẹ̀gbọ́n ń ṣàìsàn, kí ẹ fi owó oògùn ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè: "Ṣé wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò? Kí ni èsì sọ?" Bí wọ́n bá ní ibà ni, ẹ ní "ibà wo?" Wọ́n lè sọ pé òyìnbó ti gùn yín. Ẹ béèrè síbẹ̀. Owó tẹ́ẹ máa fi ránṣẹ́ fún abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ fún ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan.

Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ nítorí ẹ̀rọ fídíò, tí kò fẹ́ kí a lò ó fún ike, kó kọ̀wé sí akápò kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, wọ́n á dá owó rẹ̀ padà láìsí ìbínú. Ẹni tí kò bá kọ̀wé, a ó gbà pé ó fọwọ́ sí i.

Ó ku ibi tí a ó kó ike sí. Àwọn ike wọ̀nyí kì í fẹ́ ooru. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọ̀pọ̀ wọn ni pé kí ooru ibi tí a kó wọn sí má ju 30 lọ, àwọn kan 40. Abẹ́ páánù ní ọ̀sán oṣù Kẹta ju ìyẹn lọ dáadáa, bí a bá kó wọn síbẹ̀, irọ́ ni wọ́n á máa pa fún wa. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kò ní àjà. A ti ń wá ibòmíràn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kó tó di pé ìyá ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ránṣẹ́ pè mí lánàá. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ wọn ṣì wà ní títì, wọn ò tíì lè gbé e fún ẹnikẹ́ni. Àjà wà níbẹ̀, fèrèsé méjì wà, igi máńgò bo òrùlé rẹ̀ lápá kan. Tábìlì tó fi ń gé aṣọ ṣì wà níbẹ̀, a lè yẹ èèyàn wò lórí rẹ̀. A máa lọ ṣí i, a máa gbá a ní ọjọ́ Sátidé yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹni tó bá ní ìgbálẹ̀ àti korobá, kó mú un dání wá.